Lẹ̀jíìtì ni àbí Ìjẹ̀bú ni? Bó o ṣe máa lo ọ̀rọ̀ yìí tí kò fi ní já ẹ kulẹ̀

Ẹ gbọ́ ná, ọ̀rọ̀ kan ti gba ẹnu gbogbo wa báyìí, ọmọ tó ń tún fóònù ṣe ní Lagos Garage ní Ìjẹ̀bú-Òde ń sọ ọ́, akẹ́kọ̀ọ́ OOU ní Àgọ́-Ìwòyè ń sọ ọ́, àwọn tó ń ta ilẹ̀ lápá Ṣàgámù kọ ọ́ gàdàgbà sára pátákó, kódà ìyá ẹlẹ́ja ní Òkè-Ajé á sọ fún ẹ pé "ẹja yìí lẹ̀jíìtì o, ọmọ mi", ẹnikẹ́ni ò sì ní rẹ́rìn-ín. Lẹ̀jíìtì. Ẹlòmíì á kọ ọ́ bí òyìnbó ṣe ń kọ ọ́, legit, ẹlòmíì á kàn tẹ "lejiti" láìsí àmì kankan, ìkan náà ni gbogbo ẹ̀. Ohun tó jẹ́ kí n jókòó kọ èyí ni pé ohun tí ẹni tó ń sọ ọ́ ní lọ́kàn àti ohun tí ẹni tó ń gbọ́ ọ gbà sétí kì í sábà bára mu, àárín méjèèjì yẹn gan-an lowó èèyàn sì ti máa ń bọ́ sọ́nù.

Ká kọ́kọ́ mọ ilé tó ti wá. Àgékúrú legitimate ti èdè òyìnbó ni, ìyẹn náà sì wá látinú ọ̀rọ̀ Látìn tó ń jẹ́ lex, òfin. Láyé àtijọ́ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ọmọ tí bàbá àti ìyá ẹ̀ ti ṣègbéyàwó kí wọ́n tó bí i ni wọ́n kọ́kọ́ ń fi ọ̀rọ̀ yẹn pè. Ẹ̀yìn ìyẹn ló bọ́ sọ́wọ́ àwọn onítíátà. Lọ́dún 1737, ìjọba wọn ṣòfin kan tó mú kó jẹ́ pé ilé eré méjì péré ní Lọ́ńdọ̀nù, Drury Lane àti Covent Garden, ló láṣẹ láti ṣe eré tí wọ́n ń fi ọ̀rọ̀ ẹnu ṣe, àwọn yòókù bá ń fi orin àti ijó bo tiwọn mọ́lẹ̀ kí ọwọ́ òfin má bàa tẹ̀ wọ́n, ọdún 1843 ni òfin míì tó wá tú wọn sílẹ̀. Wọ́n ti mọ́ra pé kí wọ́n máa pe eré tó láṣẹ ní legitimate, nígbà tó sì fi máa di ìparí ọgọ́rùn-ún ọdún kọkàndínlógún, àwọn òṣèré ti gé e kúrú sí legit. Kí ló kàn wá níbẹ̀? Ó kàn wá torí pé àṣẹ ló wà nídìí ọ̀rọ̀ yẹn láti ìbẹ̀rẹ̀. Ẹni tó bá sọ pé eré kan legit nígbà yẹn ò sọ pé eré ọ̀hún dùn o, ohun tó sọ ni pé ìjọba fọwọ́ sí i. Fi síbì kan nínú orí ẹ, torí tá a bá dé orí ọ̀rọ̀ ilẹ̀, wàá rí i pé ọ̀rọ̀ yẹn ò tíì yí ìwà padà.

Nínú Yorùbá tiwa ó ti di ọmọ ilé. Kò tiẹ̀ nílò "jẹ́" tàbí "ni" mọ́, ó ń dá rìn: ó lẹ̀jíìtì, kò lẹ̀jíìtì, ṣé ó lẹ̀jíìtì, ó lẹ̀jíìtì gan-an. Ó tún lè tẹ̀ lé orúkọ nǹkan bí "ńlá" àti "pupa" ṣe máa ń tẹ̀ lé e: iṣẹ́ lẹ̀jíìtì, ṣọ́ọ̀bù lẹ̀jíìtì, vendor lẹ̀jíìtì. Àwọn ọmọ ìsinsìnyí wá ń fi ṣíwájú ọ̀rọ̀, "lẹ̀jíìtì, mo sunkún lánàá", èyí ò ní nǹkan kan ṣe pẹ̀lú ọjà tàbí òfin mọ́, "lóòótọ́ ni, mi ò purọ́" ló túmọ̀ sí, tó o bá sì gbọ́ ọ lẹ́nu ọmọ ẹ má dá ara ẹ láàmú pé kí lọmọ yìí ń fọwọ́ sí. Tí wọ́n bá fi ránṣẹ́ sí ẹ ní ẹyọ kan ṣoṣo pẹ̀lú àmì ìbéèrè, "lẹ̀jíìtì?", wọ́n ń bi ẹ́ bóyá o dúró ti ohun tó o sọ. Tó bá jẹ́ ẹyọ kan láìsí àmì ìbéèrè, wọ́n gbà fún ẹ nìyẹn. Má ṣáà fi "ì" síwájú ẹ̀ kó o sọ ọ́ di "ìlẹ̀jíìtì ọjà yìí", etí ò gbà á.

Ó tún wà fún èèyàn. "Ẹ̀gbọ́n yẹn lẹ̀jíìtì" lè jẹ́ pé iṣẹ́ tó ń ṣe hàn sí gbogbo ayé, kì í ṣe yàhúù, ó sì tún lè jẹ́ pé tó bá ní òun ń bọ̀ láago méjì, ago méjì náà lo máa rí i. Ìjẹ̀bú tiwa yìí, ìlú aláriyá ni, ẹ̀yin náà ẹ mọ̀, kò sí Sátidé tí wọn ò ta kánópì, ẹnì kan á dìde á bẹ̀rẹ̀ sí ná owó fún olórin, àwọn tó jókòó sórí tábìlì ẹ̀yìn á sì bi ara wọn wúyẹ́wúyẹ́ pé "ṣé owó yìí lẹ̀jíìtì ṣá?" Orísun owó ni wọ́n ń bi o, kì í ṣe owó gan-an. Owó yẹn lè jẹ́ ti CBN pátápátá, kó ṣì má lẹ̀jíìtì.

Wàyí o, ká dé orí èyí tó kàn wá nílé. Lọ sí Èkó, ní o fẹ́ ra ṣájà, ẹni tó ń tà á á rẹ́rìn-ín músẹ́, á ní "orijínà lo fẹ́ àbí Ìjẹ̀bú?" Ìjẹ̀bú tó ń sọ yẹn, fèèkì ló ń pè bẹ́ẹ̀. Tó bá jẹ́ ọmọ Ìjẹ̀bú-Òde ni ẹ́, ó lè dùn ẹ́, ó sì lè pa ẹ́ lẹ́rìn-ín, ó kù sọ́wọ́ bó o ṣe jí lọ́jọ́ náà. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ yẹn ò já láti ojú ọ̀run, ó nídìí. Láyé ìjọba òyìnbó, West African Currency Board tí wọ́n dá sílẹ̀ lọ́dún 1912 ló ń ṣe owó tí wọ́n ń ná káàkiri ilẹ̀ wa àti Gold Coast, nígbà tó sì di 1920 wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí fi àdàlù irin ṣe ṣílè dípò fàdákà. Alágbẹ̀dẹ tó bá mọṣẹ́ dáadáa lè rọ irú ẹ̀. Wọ́n sì rọ ọ́! Páńda gba ìlú, kì í ṣe Ìjẹ̀bú nìkan ni wọ́n ti ń rọ ọ́, àmọ́ ti Ìjẹ̀bú ló lókìkí jù, títí orúkọ ìlú fi lẹ̀ mọ́ owó ayédèrú, láti orí owó ló sì ti kúrò bọ́ sórí gbogbo nǹkan tí kì í ṣe ojúlówó. Toyin Falola àti Ayodeji Olukoju, àwọn onítàn, ti kọ̀wé lórí ọ̀rọ̀ yìí, ẹni tó bá fẹ́ mọ̀ sí i kó lọ wá a kà. Tìẹ ni kó o ṣáà mọ̀ pé ó ti pẹ́ tí wọ́n ti ń sọ ọ́ débi pé ọ̀pọ̀ tó ń lò ó ò tiẹ̀ rántí pé ìlú kan wà níbẹ̀.

Ohun tó máa ń dùn mọ́ mi nínú jù ni pé ẹni yẹn kan náà tó ní "Ìjẹ̀bú ni ṣájà yìí", tó bá dé ìsọ̀ oúnjẹ, á tẹnu mọ́ ọn pé gàrí Ìjẹ̀bú lòun fẹ́, òun ò fẹ́ òmíràn! Àwọn kan wá wà tí wọ́n ń ra gàrí níbòmíràn, wọ́n á dà á sínú ọ̀rá, wọ́n á kọ "Ìjẹ̀bú Garri" sára ẹ̀, á jẹ́ pé Ìjẹ̀bú Ìjẹ̀bú nìyẹn, àbí kí la fẹ́ pè é. Kò sí ìlú míì tí mo mọ̀ tí orúkọ ẹ̀ ń jẹ́ fèèkì láàárọ̀ tó tún ń jẹ́ orijínà lọ́sàn-án.

Báwo lo ṣe máa lò ó láì fa wàhálà? Tí o kì í bá ṣe ọmọ ibẹ̀, má sọ ọ́ níwájú àgbà Ìjẹ̀bú, pàápàá lásìkò Ojúde Ọba tí gbogbo régberégbe, àwọn ẹgbẹ́ ojúgbà, bá ti wọṣọ tí wọ́n ń lọ kí Awùjalẹ̀, lọ́jọ́ yẹn kò sẹ́ni tó ń gba àwàdà bẹ́ẹ̀. Láàárín ọ̀rẹ́ kò burú, wọ́n á fún ẹ lésì. Tó bá jẹ́ ọmọ ibẹ̀ ni ẹ́, ẹnu ẹ gbà á, ìwọ lo ni í. Tí wọ́n bá sì fi bú ẹ, "Ìjẹ̀bú lẹ̀jíìtì ni mí" máa ń tó láti pa wọ́n lẹ́nu mọ́. Ẹ̀yin ará Rẹ́mọ, mo mọ̀ pé ẹ ti ń sọ pé tiwa yàtọ̀, Ìkẹ́nnẹ́ àti Ìlíṣàn ò sí nínú ẹjọ́ yìí. Ó dáa, ẹ lọ sọ ìyẹn fún àwọn ará Èkó, wọn ò mọ ìyàtọ̀.

Àwọn ọ̀rọ̀ tó súnmọ́ lẹ̀jíìtì wà, wọn ò sì dọ́gba. Orijínà, nǹkan tó ní ilé iṣẹ́ tó ṣe é la máa ń lò ó fún: fóònù, bátìrì, léèsì, sípéà mọ́tò. Ìdí nìyẹn tí àwọn mẹkáníìkì fi máa ń sọ pé tòkunbọ̀ orijínà sàn ju tuntun ṣáínà lọ, èmi ò sì lè bá wọn jiyàn. Ògidì ni èyí tí wọn ò lú ní nǹkan kan, ògidì ẹmu, ògidì ọmọ Ìjẹ̀bú-Igbó tí bàbá àti ìyá ẹ̀ jọ wá láti Òkè-Sópin. Kọ́rẹ́ẹ̀tì wà fún èèyàn àti oúnjẹ, ìyìn lásán ni, kò ní ẹ̀rí nínú. Ojúlówó wá ni bàbá gbogbo wọn, òun nìkan ló wọ inú ẹ̀ lọ wò ó bóyá ohun tó wà nínú bá ohun tó wà lóde mu.

Ìyàtọ̀ àárín ojúlówó àti lẹ̀jíìtì yìí gan-an ni mo fẹ́ kó o mú lọ, torí ibẹ̀ làwọn oníjìbìtì ń gbà wọlé. Ìyá kan tó ń yan gàrí lẹ́yìn ilé ẹ̀ ní Àtan kò fi orúkọ kankan sílẹ̀ lọ́dọ̀ CAC, àjọ ìjọba tó ń forúkọ ilé iṣẹ́ sílẹ̀, kò ní nọ́ńbà NAFDAC, àjọ tó ń mójú tó oúnjẹ àti oògùn, kò ní rìsíìtì, ṣùgbọ́n gàrí ẹ̀ ojúlówó ni láti òkè délẹ̀. Tó o bá fi òfin wò ó, o ò lè sọ pé ó lẹ̀jíìtì. Ilé iṣẹ́ kan sì wà tó fi orúkọ sílẹ̀, tó gba ọ́fíìsì, tó ní sáńbọ́ọ̀dù àti ọmọbìnrin tó wọ kóòtù tó ń kí èèyàn lẹ́nu ọ̀nà, ìwé ẹ̀ pé pérépéré, ó lẹ̀jíìtì nìyẹn, ó sì ń kó owó àwọn èèyàn jẹ. Tí ẹnì kan bá wá ń pariwo fún ẹ pé "a lẹ̀jíìtì, a lẹ̀jíìtì, ẹ lọ yẹ̀ wá wò ní CAC", òótọ́ ló ń sọ, ìdáhùn sí ìbéèrè tí o ò bi í ni.

Òdìkejì wọn náà ò kéré. Fèèkì ni gbogbo wa mọ̀. Ayédèrú la máa ń lò fún owó, ìwé àti oògùn, kódà fún dókítà. Gbàrọgùdù, oògùn àti nǹkan jíjẹ ló sábà máa ń wà fún. Magomágó wà fún ìdìbò àti ìdánwò. Ọ́díò wà fún owó tí wọ́n fi ẹnu ṣèlérí tí o ò ní fi ojú rí. Tó o bá fẹ́ sọ pé nǹkan kan ò lẹ̀jíìtì, mú èyí tó bá a mu nínú wọn, torí "kò lẹ̀jíìtì" nìkan ò sọ ohun tó ṣe é. Ilẹ̀ tí wọ́n ti ta fún ẹni mẹ́ta kọ́ ni ilẹ̀ tí ìjọba ti gbà, bẹ́ẹ̀ sì ni àwọn èèyàn á kàn ní "ilẹ̀ yẹn ò lẹ̀jíìtì", wọ́n á kúrò níbẹ̀.

Ọ̀rọ̀ nípa àgbà. Fún ọlọ́jà tó dàgbà, "ṣé ó lẹ̀jíìtì" kì í ṣe ìbéèrè, ẹ̀sùn ni. Ọmọkùnrin kan dé ìsọ̀ gàrí, ó ní "Ẹ kú ọjà o, ìyá." Ìyá ní "Ẹ ṣé o, ọkọ mi, kóńgò mélòó?" Ó wá ní "Ṣé ó lẹ̀jíìtì ṣá?" Ìyá wò ó láti orí dé bàtà. "Kí ló ń jẹ́ bẹ́ẹ̀? Ṣé mo jọ olè lójú ẹ ni?" Ọjà bàjẹ́ nìyẹn, kò sí ẹ̀dínwó mọ́, èènì gan-an ò sí. Ohun tó fẹ́ mọ̀ ò burú o, bó ṣe bi í ni. Ká ní ó ní "Ìyá, gàrí yìí mà dáa lójú o, ọjọ́ mélòó lẹ fi sílẹ̀ kẹ́ ẹ tó yan án?", ìyá á ní "bù ú tọ́ wò, ọmọ mi", á wá bẹ̀rẹ̀ àlàyé láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni bẹ̀ ẹ́. Torí gàrí Ìjẹ̀bú, kíkan ẹ̀ ni ìdánimọ̀ ẹ̀, wọ́n ń rin ẹ̀gẹ́, wọ́n ń dì í sínú àpò, wọ́n á jẹ́ kó wà níbẹ̀ fún ọjọ́ bíi mélòó kan kó lè kan kí omi ẹ̀ sì jáde, wọn kì í fi epo sí i, wọ́n á yan án gbẹ dáadáa, á kúná. Tó o bá bu díẹ̀ sẹ́nu tí kò kan, tó rọ̀ bíi pé òjò pa á, o ti rí ìdáhùn ẹ láìjẹ́ pé o lo ọ̀rọ̀ òyìnbó kankan. Ẹni tó ń ra obì ní Ṣàgámù náà mọ èyí, kò ní bi Mallam ní Sábó pé ṣé obì ẹ̀ lẹ̀jíìtì, á là á ni.

Fún ẹ̀gbọ́n, bọ̀ọ̀dá àti àǹtí tẹ́ ẹ jọ ń lo WhatsApp, kò sí ìyọnu, ṣáà fi "ẹ" sí i: "Bọ̀ọ̀dá mi, ẹ ẹ̀ bínú, ṣé ohun tẹ́ ẹ fi ránṣẹ́ yìí lẹ̀jíìtì? Ṣé ẹ ti yẹ̀ ẹ́ wò?" Èyí ò bu ẹnikẹ́ni kù. Fún bàbá ẹ, sọ pé "ṣé ó dá yín lójú, sà?" kó o sì fi ibẹ̀ sílẹ̀.

Ká wá sọ ibi tí owó ń bá ọ̀rọ̀ yìí rìn. Òfin mi kan ṣoṣo ni pé ẹni tó ń ta nǹkan kì í jẹ́rìí fún ara ẹ̀. "100% legit" tí vendor fúnra ẹ̀ kọ sábẹ́ àwòrán aṣọ òkè Ojúde Ọba ò ju kí èèyàn máa kí ara ẹ̀ lọ. Torí náà nígbàkigbà tó o bá gbọ́ lẹ̀jíìtì, bi í pé: lẹ̀jíìtì ní ti kí ni, ta ló sì sọ bẹ́ẹ̀?

Ilẹ̀ ló kọ́kọ́ yẹ ká mú, torí òun ló pọ̀ jù lọ́dọ̀ wa, láti ìtòsí Ṣàgámù Interchange títí dé ọ̀nà Ẹ̀pẹ́ kò síbi tí wọn ò ti ń polówó ilẹ̀ lẹ̀jíìtì. Rántí ohun tí mo sọ nípa àṣẹ. Land Use Act ti 1978 fi ilẹ̀ ìpínlẹ̀ sábẹ́ gómìnà, nítorí náà lẹ̀jíìtì ilẹ̀ ní ojú méjì: ẹbí tó ni ín, ṣé àwọn gan-an ló ń tà á, gbogbo wọn ni àbí àbúrò kan tó ń wá owó ọtí, ìjọba ńkọ́, ṣé kò tíì gbà á fún iṣẹ́ kan. Ẹni tó ń sọ pé ilẹ̀ yìí lẹ̀jíìtì lè máa sọ ti ẹbí, kó má mẹ́nu kan ti ìjọba rárá. Gba ẹ̀dà survey, ìwé tó ń fi ààlà ilẹ̀ hàn, fún surveyor tìẹ, kì í ṣe tiwọn, kó lọ yẹ̀ ẹ́ wò ní ọ́fíìsì Surveyor-General ní Abẹ́òkúta bóyá ilẹ̀ náà bọ́ sínú ibi tí ìjọba ti gbà. Lọ bá àwọn tó ti kọ́lé sítòsí ibẹ̀, bi wọ́n ní orúkọ ẹbí tó ta tiwọn fún wọn. Ìpínlẹ̀ Ògùn ṣòfin lọ́dún 2016 tó lòdì sí àwọn tó ń fi ipá gba ilẹ̀, àwọn ọmọ onílẹ̀ tó ń kó tọ́ọ̀gì wá, nítorí náà tí ẹnì kan bá ní kó o sáré sanwó kí àwọn kan má bàa wá fipá gbà á, ìyẹn gan-an ni kó jẹ́ kó o rọra.

Ilé iṣẹ́ tó o fẹ́ bá ṣòwò, ó rọrùn, ọ̀fẹ́ ni láti wá orúkọ ẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì CAC, wàá rí nọ́ńbà ẹ̀ àti bóyá ó ṣì ń ṣiṣẹ́ lórí ìwé. Ibi tí agbára CAC mọ nìyẹn o, orúkọ ni wọ́n kọ sílẹ̀, wọn ò bá ẹ yẹ ìwà wò. Oògùn, wo nọ́ńbà NAFDAC, àwọn oògùn bíi ti ibà máa ń ní ibi kan tí wàá ha lára páálí, nọ́ńbà á yọ, wàá fi ránṣẹ́ lórí fóònù, èsì á sì padà sọ́dọ̀ ẹ. Admission, tí ẹnì kan bá gbé lẹ́tà wá tó ní ọmọ ẹ ti wọlé, lẹ́tà kọ́ lẹ̀jíìtì, orí CAPS, ibi tí JAMB ń kọ orúkọ àwọn tó wọlé sí lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ni kí ọmọ lọ wò, tí kò bá sí níbẹ̀ kò tíì wọlé, bí lẹ́tà ṣe ń dán tó kò kàn wá.

Èyí tó le jù ni àwọn tó ń sọ owó di ìlọ́po. Níbẹ̀ ni ọ̀rọ̀ yìí ti ba ayé àwọn èèyàn jẹ́ jù, torí pé ẹni tó ń sọ pé "ó lẹ̀jíìtì" kì í ṣe olè, ẹ̀gbọ́n ẹ ni, alájọgbé ẹ ni, ẹni tẹ́ ẹ jọ ń lọ ṣọ́ọ̀ṣì tàbí mọ́sáláásì ni, ó sì dá a lójú. Nígbà tí MMM, òwò ìlọ́po owó kan, gba Nàìjíríà, gbogbo ẹnu ló ń sọ pé lẹ̀jíìtì ni, ẹ̀rí wọn sì ni pé "ó ti san èmi". Oṣù Kejìlá ọdún 2016, wọ́n ti gbogbo àpò pa, owó dúró síbẹ̀. "Ó ti san mí" ò jọ "ó lẹ̀jíìtì" rárá, owó ẹni tó wọlé lẹ́yìn ẹ ni wọ́n fi san ẹ́. Ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ gba owó ará ìlú láti bá wọn ṣe ìdókòwò gbọ́dọ̀ wà nínú ìwé SEC, àjọ ìjọba tó ń mójú tó ìdókòwò, kì í ṣe CAC nìkan, òfin tuntun tí wọ́n fọwọ́ sí lọ́dún 2025 sì dárúkọ irú òwò póńsì bẹ́ẹ̀ pé ẹ̀ṣẹ̀ ni. Tí wọ́n bá ti ń fi ìwé CAC hàn ẹ́ nígbà tó o béèrè SEC, ó ti tán nìyẹn, má dúró gbọ́ ìyókù.

Ó kù sórí bó o ṣe máa dáhùn nígbà tí wọ́n bá bi ìwọ, torí gbogbo ìgbà ni wọ́n á máa bi ẹ́. Lẹ̀jíìtì tó bá ti ẹnu ẹ jáde, orúkọ ẹ ló gbé lọ, tí nǹkan bá bàjẹ́, vendor kọ́ ni wọ́n máa wá bá nílé. Má sọ ju ohun tó o mọ̀ lọ. "Mo ra bàtà lọ́wọ́ ẹ̀ nígbà Iléyá, ó dé lọ́jọ́ kẹta, mi ò mọ̀ bóyá ó mọ̀ nípa fóònù" wúlò ju "lẹ̀jíìtì ni jàre" lọ ní ìlọ́po mẹ́wàá. Tí o ò bá mọ̀, "mi ò mọ̀ ọ́n rí o, ẹ bá mi ṣe sùúrù kẹ́ ẹ wádìí", ó ti tó. Tó bá jẹ́ pé ẹnì kan ló fi líǹkì owó yíyá ránṣẹ́ sí ẹ láago méjìlá òru, tó kọ "lẹ̀jíìtì?" sábẹ́ ẹ̀, dáhùn pé rárá, kó o sì padà lọ sùn.